Níbo Lo Ti Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Kà?

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, díẹ̀ ló kù kí n fi fóònù ọwọ́ mi ti ìdílé méjì dé kóòtù ní Ṣakí, ìdílé tó ti ń jẹ tó sì ti ń mu pọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀tá kọ́ ló rán mi níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà ni mo kà. Nọ́mbà náà sì tọ̀nà! Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, òun náà ló sì mú kí n gbé gègé kọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò tí mo jìn sí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá wa fi oko kan sílẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí igi emi àti igi irú dúró lọ́kọ̀ọ̀kan nínú koríko. Ní ọdún 1982, bàbá pe awọnlẹ̀ kan pé kó bá òun wọn ilẹ̀ náà. Ó wọ̀n ọ́n, ó ri píílà mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ya ìwé sọ́fè fún wọn. Lára ìwé náà ni ó kọ nọ́mbà méjì méjì sí fún igun kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń sọ bí igun náà ṣe lọ sí ìhà ìlà-oòrùn tó, ìkejì ń sọ bó ṣe lọ sí ìhà àríwá tó. Bàbá wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ká ìwé náà sínú àpótí bí ẹni tó ká owó.

Ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ní ìhà ìlà-oòrùn, Bàbá Oníkajú ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé kajú ló gbìn kún ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá wa ni. Ní òru ọjọ́ tí àìsàn ìkẹyìn kọlu bàbá, tí kò sí mọ́tò kankan lójú títì, òun ló jí, tó gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde, tó gbé bàbá wa lọ sí ọsibítù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ní ọdún 2021, mo ti Ìbàdàn wá sílé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko níbẹ̀ sọ fún mi pé òun kò mọ ibi tí àwọn píílà náà wà mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì kọjá, iná ọyẹ́ ti jó ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ọ̀gbàrá ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló le níbẹ̀? Ayé ti lajú.” Mo ní kí wọ́n gbé ìwé sọ́fè wá. Mo yọ fóònù mi, mo tẹ nọ́mbà igun kan sínú rẹ̀, a sì jọ ń tẹ̀ lé àmì pupa náà lọ. Mo ń lọ níwájú bí ajàlàjàlà, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àmì náà kò dúró ní ààlà. Ó mú wa wọ inú kajú Bàbá Oníkajú, ó ń lọ, ó ń lọ, títí a fi rìn ju 100 mítà lọ sínú oko onílẹ̀, ó ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Igi kajú tó ti so fún ogún ọdún ló wà lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Àṣé ó ti pẹ́ tí bàbá yìí ti ń jẹ wá nílẹ̀!”

Èmi náà ńkọ́? Mo dákẹ́ ni. Inú mi tiẹ̀ ń dùn díẹ̀, ká sọ òtítọ́, torí pé fóònù mi ló tú àṣírí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi ti dárúkọ lọ́yà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá Oníkajú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í sùn ní Òkè-Ògùn. Ní ìdájí, bàbá àgbàlagbà náà dé, ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò jókòó. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ṣé èmi ni ẹ ní mo jalè?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú wa. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Òru ọjọ́ píkọ́ọ̀pù ló ń padà wá sí mi lọ́kàn. N kò lè jẹun ní òwúrọ̀ yẹn.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì péré. Mo gbọ́ pé awọnlẹ̀ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Ìsẹ́yìn. Mo ká ìwé sọ́fè náà, ó di ibùdókọ̀. Nígbà tí mo dé ilé bàbá náà, ìró òfì àwọn tó ń hun aṣọ òkè ń dún láti agbo-ilé kejì. Mo kí wọn, mo ro ẹjọ́ mi. Mo rò pé wọ́n á ní ká lọ wo ilẹ̀ náà ni. Rárá. Wọ́n wò mí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo:

“Nọ́mbà tí o kà yìí, níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?”

N kò mọ èsì. Mo ní nọ́mbà ni nọ́mbà ń jẹ́, Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ọjà abúlé yín, ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná an?”

“Ọrún ni, Bàbá.”

“Bí wọ́n bá ná an lónìí tí í ṣe ọjọ́ Ajé, ọjọ́ wo ni wọ́n tún máa ná an?”

Mo fi ìka kà á: òní ọ̀kan, ìṣẹ́gun méjì, ọjọ́rú mẹ́ta, ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, ẹtì márùn-ún. “Ọjọ́ Ẹtì ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Ọmọ rẹ tó kàwé ní yunifásítì, bí o bá sọ fún un pé ọjọ́ márùn-ún sí òní ni ọjà, ọjọ́ wo ló máa gbéra?”

Mo ronú. Ọmọ mi kò ní í ka òní mọ́ ọn. Ọ̀la ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Yóò débẹ̀, yóò bá àtíbàbà òfìfo.

“Ta ló purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

“Kò sẹ́ni tó purọ́, Bàbá.”

“Márùn-ún yín dọ́gba, àbí kò dọ́gba?”

“Ó dọ́gba. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dọ́gba.”

Wọ́n ní, “O ti mọ iṣẹ́ awọnlẹ̀ nìyẹn.” Wọ́n wá tẹ́ ìwé sọ́fè bàbá wa sórí tábìlì, wọ́n fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Lẹ́tà kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí n kò fojú sí rí: ORIGIN: UTM ZONE 31, MINNA DATUM. Èsì ìbéèrè wọn ti wà lára ìwé láti ọdún 1982. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe akọ̀wé ni n kò kà á!

Bàbá Awọnlẹ̀ là á yé mi báyìí. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà, kò sí sátẹ́láìtì lójú ọ̀run. Wọ́n ní láti yan ibì kan lórí ilẹ̀ tí gbogbo ìwọ̀n yóò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yan òpó kan nítòsí ìlú Minna, tó wà ní ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Ayé kò sì rí róbótó bí ọsàn, ó tẹ̀ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Nítorí náà wọ́n mú ìṣirò tí ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Clarke ṣe ní ọdún 1880 nípa bí ayé ṣe tẹ̀ sí. Orí èyí ni wọ́n gbé máàpù Nàìjíríà lé. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì GPS tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sójú ọ̀run ń yí gbogbo ayé po, kò mọ Minna. Àárín inú ayé lọ́hùn-ún ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò mìíràn tí wọ́n ń pè ní WGS 84. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2000 tí Amẹ́ríkà ti yọ̀ǹda kí gbogbo ènìyàn máa rí i kedere láìsí àbùlà, òun ló wà nínú fóònù gbogbo wa.

Bí ènìyàn bá wá mú nọ́mbà Minna, tó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù bí ẹni pé WGS 84 ni, ní agbègbè Ṣakí àmì rẹ̀ yóò fi ju 100 mítà yẹ̀ sí ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn. Mo gbá àyà mú. Ìhà ìlà-oòrùn gan-an ni kajú bàbá wà!

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ayé kò fi fi ẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n ní wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Yúróòpù ló kọ́kọ́ ké gbàjarè, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga epo kò fẹ́ gbẹ́ ẹ sí ibi tí kò yẹ. Ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀nà ìkà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, EPSG ni wọ́n ń pè é. Bí o bá kọ ìwọ̀n Minna ti apá ọ̀dọ̀ wa, kí o kọ 26331 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá kọ ti WGS 84 fún apá ibí kan náà, 32631 ni. Wọ́n jọra bí ìbejì, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn yóò mọ ilé tí nọ́mbà náà ti jáde. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Bàbá ní kò tíì tán. Wọ́n gba fóònù mi. “Bí a bá fẹ́ sọ ibi tí Ṣakí wà fún gbogbo ayé, nọ́mbà méjì la ó lò. Àkọ́kọ́, bó ṣe jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì lágbede méjì, sí ìhà àríwá: dígírì 8.67. Ìkejì, bó ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich, èyí tó gba Tema kọjá ní Gánà, sí ìhà ìlà-oòrùn: 3.39. Ó yá, yí méjèèjì padà, kí o fi ti ìlà-oòrùn ṣíwájú.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa gbọ́! Ṣakí fò kúrò nínú koríko Òkè-Ògùn, ó bọ́ sí erékùṣù kan láàárín òkun: Bioko, tí àwọn baba wa mọ̀ sí Fernando Po, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà ti lọ ṣe lébìrà nínú oko kòkó láyé ìjọba òyìnbó. Wọ́n ní kí n ṣe ti Ìsẹ́yìn náà. Ìsẹ́yìn kò tiẹ̀ rí ilẹ̀ bọ́ sí, inú omi ló rì sí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀rín kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣá. Máàpù inú fóònù wa a máa kọ ti àríwá ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tí àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ń lò láti fi nọ́mbà irú èyí ránṣẹ́ síra wọn, GeoJSON ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé òfin rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2016, ti ìlà-oòrùn ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Àwọn méjèèjì ní ìdí tiwọn. Ẹni tí kò bá béèrè ni yóò gbé Ṣakí lọ sí Fernando Po.

Ọ̀kan tún wà tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwé àtijọ́ a máa pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, bí a ṣe ń pín wákàtí sí ìṣẹ́jú. Ó lè kọ Ṣakí ní dígírì 8 àti ìṣẹ́jú 40 sí àríwá, dígírì 3 àti ìṣẹ́jú 24 sí ìlà-oòrùn. Bí ọmọ kan bá kánjú, tó tẹ 8.40 àti 3.24, ó ti ṣìnà. Ìdajì wákàtí kì í ṣe 0.30 wákàtí, 0.5 ni. Dígírì kan sì tó nǹkan bí 111 kìlómítà lórí ilẹ̀, nítorí náà àṣìṣe kékeré yẹn yóò gbé ènìyàn ju 30 kìlómítà lọ sí inú igbó. Bí mọ́tò ọsibítù bá ń wá aláboyún kiri lórí nọ́mbà bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, nígbà wo ni yóò dé?

Nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ tí mo ń padà sí Ṣakí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka pátákó ojú ọ̀nà, ojú mi sì là sí nǹkan mìíràn. Nọ́mbà nìkan kọ́ ló ń fẹ́ àdéhùn, orúkọ náà ń fẹ́ ẹ. Ìwé kan kọ Saki, òmíràn kọ Shaki. Ní ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tí a ń lò lónìí, tí a fi ń kọ “ayé” dípò “aiye”. Síbẹ̀ Oshogbo àti Ilesha ṣì wà lára pátákó pẹ̀lú “sh” àtijọ́ wọn. Àní olú-ìlú àwọn baba wa, Ọ̀yọ́-Ilé, Katunga ni àwọn Haúsá ń pè é, orúkọ yẹn sì ni Clapperton tó débẹ̀ ní ọdún 1826 gbé lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá ń wá Ọ̀yọ́ nínú máàpù rẹ̀ lè wá a tì, nígbà tó sì wà níbẹ̀ gedegbe.

Kọ̀ǹpútà tún wá dá kún un. Ọmọ mi ló fi èyí hàn mí. Lẹ́tà Ṣ tó bẹ̀rẹ̀ Ṣakí, kọ̀ǹpútà kan lè tọ́jú rẹ̀ bíi lẹ́tà ẹyọ kan, kí òmíràn tọ́jú rẹ̀ bíi S pẹ̀lú àmì kan tí wọ́n so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Lójú èmi àtìwọ, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ìlú méjì ni, àfi bí ẹni tó kọ ètò rẹ̀ bá ti kọ́ ọ pé kó mú méjèèjì bára mu. Máàpù kan tí gbogbo ayé jọ ń yà, OpenStreetMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, wá ọgbọ́n tó dára dá sí i: ààyè wà fún orúkọ tí ará ìlú ń pe ìlú wọn, ààyè wà fún orúkọ mìíràn, ààyè sì wà fún orúkọ àtijọ́. Kò sí èyí tí wọ́n lé jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ ìjókòó wọn.

Ẹnì kan lè ní kí ló kan òun nínú gbogbo èyí, òun kò ní ilẹ̀ ní Ṣakí. Ó kàn ọ́ o. Nígbà tí Nàìjíríà ń bá àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà ní òkè ọya, ọ̀pọ̀ abúlé kéékèèké ni kò sí lórí máàpù tí àwọn tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àti oògùn mú lọ́wọ́, nítorí náà wọn kì í débẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi GPS àti àwòrán sátẹ́láìtì tún máàpù náà yà ni wọ́n tó rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti fò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ògidì kòkòrò àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ tí kò sí nínú máàpù, bí ẹni tí a kò bí ló rí lójú ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká padà sóko. Bàbá Awọnlẹ̀ ti bá mi ṣe ìṣirò náà, wọ́n yí nọ́mbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti Minna sí ti fóònù, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan fún mi, wọ́n sì kọ 32631 gàdàgbà sí òkè rẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi pe Bàbá Oníkajú. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ wí. Mo ní èmi ni yóò wí i. Àwa mẹ́ta wọ oko lọ. Mo tẹ nọ́mbà tuntun náà. Àmì pupa kò wọ inú kajú mọ́. Ó darí padà, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí tó fi dúró sí ìdí ìgbẹ́ pẹ̀rẹ̀gún kan.

Bàbá Oníkajú wo pẹ̀rẹ̀gún náà. Wọ́n ní, “Èmi àti bàbá yín la jọ gbìn ín.” Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n mú àdá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn kò tíì wú u dé orúnkún tí àdá fi dún gbàn-án lára sìmẹ́ńtì. Píílà ọdún 1982 nìyẹn, ó wà nínú yẹ̀pẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mélòó kan sí ìdí pẹ̀rẹ̀gún.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Nọ́mbà tọ̀nà, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kà.” Ẹ̀gbọ́n mi náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Ẹ dìde. Ṣùgbọ́n ẹ lè ti wá bi mí léèrè kí ẹ tó dárúkọ lọ́yà.”

Mo gbà. Fóònù kọ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi léèrè.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́mbà ibì kan ránṣẹ́ sí mi, ohun mẹ́ta ni mo máa ń bi í. Èwo ló ṣíwájú, àríwá ni tàbí ìlà-oòrùn? Ṣé o pín dígírì rẹ sí ìṣẹ́jú ni, tàbí o kọ ọ́ ní ẹ̀ka mẹ́wàá mẹ́wàá? Minna ni tàbí ti fóònù? Bí èmi náà bá sì fẹ́ fi tèmi ránṣẹ́, mo máa ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i kí wọ́n tó béèrè. Kò gbà ju ìlà kan lọ.

Ní ìgbà kajú tó kọjá, mo lọ ra kajú lọ́wọ́ Bàbá Oníkajú. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún mi, kóńgò kan, kóńgò méjì. Mo ní, “Bàbá, kóńgò yìí kéré sí ti Ìbàdàn o.” Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Akọ̀wé, o tún ti bẹ̀rẹ̀! Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?” Wọ́n sì bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i fún mi ní èènì.